Ọwọ́ ta ni àṣẹ ìtọ́jú àbúrò mi yẹ kí ó wà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gúúsù London ni èmi, ìyá wa àti àbúrò mi ọkùnrin ń gbé, inú ilé kan náà ni a sì wà. Ọmọ ọdún 34 ni àbúrò mi. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni ìjàǹbá ọkọ̀ ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Kò lè rìn mọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ pé. Aago méje àárọ̀ ni àwọn olùtọ́jú tí ẹ́jẹ́ńsì ń rán máa ń dé, wọ́n á tún padà wá ní aago méje ààbọ̀ alẹ́ láti gbé e sórí ibùsùn. Gbogbo rẹ̀ ti sú u. Ó ti sọ fún sósà wọ́kà, òṣìṣẹ́ káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé òun fẹ́ máa gba owó ìtọ́jú náà fúnra òun, kí òun sì máa gba ẹni tó bá wu òun síṣẹ́. Ẹ̀rù ń ba ìyá wa. Wọ́n ní yóò ná owó náà ní ìnákúnàá, wọ́n sì ní ojú àwọn kò lè gbà á kí àjèjì máa wẹ ọmọ àwọn. Ní tèmi, mo rò pé ó sàn kí káńsù máa san owó náà fún mi, kí n fi iṣẹ́ mi sílẹ̀, kí n sì máa tọ́jú rẹ̀, tàbí kí a mú ìbátan wa kan wá láti Ìbàdàn. Kí ni ó bófin mu, kí sì ni ẹ rò pé ó tọ́?

Ìdáhùn: Mo kí yín, mo kí ìyá yín, ẹ kú ìrójú, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Láti ọdún 2006 ni iṣẹ́ mi ní ìlú yìí ti jẹ́ láti máa jókòó ti àwọn àkàndá ẹ̀dá àti ẹbí wọn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ètò ìtọ́jú wọn sí ọwọ́ ara wọn. Èmi náà ń lo àga onítáyà, nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tó mú mi ní kékeré, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn nìkan.

Kí n tó dé orí òfin, ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo fẹ́ kí ẹ tún wò. Ẹ sọ ohun tí ìyá yín ń bẹ̀rù, ẹ sọ èrò tiyín, ẹ sì sọ ti ìbátan tó wà ní Ìbàdàn. Ní ti àbúrò yín, ohun méjì péré ni ẹ sọ: pé ó ti sú u, àti pé ó fẹ́ máa gba owó náà fúnra rẹ̀. N kò rí i kà níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni jókòó tì í, kí ó bi í léèrè ohun tó sú u gan-an àti bí ó ṣe fẹ́ kí ọjọ́ òun máa rí. Àwọn àgbà wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Olórí ń bẹ nínú ilé yín, ó ń gbọ́, ó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin fúnra yín sì kọ ọ́ pé ọpọlọ rẹ̀ pé. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni gbogbo ìdáhùn mi dúró: òun ni ó ni ìpinnu lórí bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Ipa tiyín àti ti ìyá yín ni láti ràn án lọ́wọ́ kí ìpinnu náà lè ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo aago méje ààbọ̀ alẹ́ tí ẹ dárúkọ yẹn. Bí wọ́n bá gbé e sórí ibùsùn ní àkókò yẹn, tí ẹlòmíràn kò sì dé títí di aago méje àárọ̀, wákàtí mọ́kànlá ààbọ̀ ni ó fi ń wà lójú kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n bá ti fa aṣọ fèrèsé dé e mọ́lẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ń lọ lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn kò ní dúró kí ó parí, nítorí pé ẹlòmíràn ń retí wọn ní òpópónà kejì. Ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n máa ń tibi iṣẹ́ yà kí i ní aago mẹ́jọ ńkọ́? Ẹni ọdún 34 ni wọ́n ń tẹ́ sórí ibùsùn ní àkókò tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣì ń ṣeré. N kò dá àwọn olùtọ́jú náà lẹ́bi, torí pé ẹ́jẹ́ńsì ni ó tò ó bẹ́ẹ̀ fún wọn, ìṣẹ́jú tí wọ́n ní kò sì tó nǹkan. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń rò pé, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti wẹ ènìyàn, tí wọ́n bọ́ ọ, tí egbò ìdùbúlẹ̀ kò sì jáde sí i lára, ìtọ́jú ti pé. Ara ni wọ́n tọ́jú, wọn kò tíì kan ìgbésí ayé ẹni tó ni ara.

Mo mọ ọkùnrin ọmọ Yorùbá kan tí ipò rẹ̀ jọ ti àbúrò yín. Fún bí ọdún mẹ́ta, oúnjẹ inú páálí tí wọ́n ń gbóná nínú máíkíróweefù ni ó ń jẹ, nítorí pé òun nìkan ni àkókò tí ẹ́jẹ́ńsì fún olùtọ́jú gbà. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gba owó fúnra rẹ̀, ó gba obìnrin kan tó wá láti orílẹ̀-èdè Poland síṣẹ́. Èmi wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ó ń kọ́ obìnrin náà ní àmàlà. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná nínú àga onítáyà rẹ̀, ó ń wo ìkòkò bí ìyá tó ń wo ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. “Dúró, omi náà kò tíì hó. Ó yá, da èlùbọ́ sí i. Rò ó, rò ó kíákíá, má jẹ́ kí ó di kókó.” Ó di kókó. Wọ́n dà á nù, wọ́n sì tún òmíràn gbé kaná. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí obìnrin náà wọ́n omi díẹ̀ sí i, kí ó dé e, kí ó jẹ́ kí ó rọ̀ kí ó tó tún un rò. Àmàlà náà jáde dúdú, ó ń dán, ó fẹ́lẹ́. Ọkùnrin náà kò fi ọwọ́ kan orógùn, síbẹ̀ òun ni ó ro àmàlà náà.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn máa ń ṣì lóye jù lọ nìyí. Wọ́n máa ń rò pé ẹni tí kò bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kò lè ní àṣẹ lórí nǹkan náà. Àwa Yorùbá ló sì yẹ kí ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ń wọ ọba láṣọ, ẹlòmíràn ni ó ń gbé agboòrùn lé e lórí, ẹlòmíràn ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ fún ará ìlú, kò sì sí ẹni tí yóò tìtorí èyí sọ pé àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ ọba. Bí ó bá jẹ́ pé àbúrò yín ni ó ń sọ ohun tí wọn yóò ṣe, ìgbà tí wọn yóò ṣe é àti ẹni tí yóò ṣe é, òun ni ó ń tọ́jú ara rẹ̀, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó kàn yá lò.

Ẹ má rò pé ìjọba ni ó kọ́kọ́ ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1948 ni òfin ti ka á léèwọ̀ fún káńsù láti fi owó lé àkàndá ẹ̀dá lọ́wọ́ dípò ìtọ́jú. Káńsù lè fi ènìyàn sí ilé ìtọ́jú, ó lè rán olùtọ́jú sí i, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fún un ní owó. Ní Le Court, ilé ìtọ́jú kan ní ẹkùn Hampshire, àwọn kan lára àwọn tó ń gbé ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò máa sọ ìgbà tí àwọn yóò jí àti ìgbà tí àwọn yóò sùn. Paul Hunt, tó ti gbé ilé náà rí, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn The Guardian ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, ó ní kí àwọn tó wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ kó ara wọn jọ. Láti inú lẹ́tà náà ni ẹgbẹ́ UPIAS (Union of the Physically Impaired Against Segregation), ẹgbẹ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá tó lòdì sí yíyà wọ́n sọ́tọ̀, ti jáde. Ní ọdún 1979, àwọn mìíràn ní Le Court, tí John Evans wà lára wọn, dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Project 81, nítorí wọ́n fẹ́ ti jáde lọ gbé ilé ara wọn nígbà tí yóò bá fi di ọdún 1981, ọdún tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ohun tí wọ́n bá káńsù sọ kò lọ́jú pọ̀: owó tí káńsù ń san lórí wọn fún ilé ìtọ́jú, kí ó jẹ́ kí wọ́n fi gba olùtọ́jú tiwọn níta. Nítorí pé òfin kò gbà kí owó dé ọwọ́ wọn tààrà, káńsù ń san án fún ilé ìtọ́jú náà, ilé ìtọ́jú náà ni ó sì ń fi lé wọn lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó yí òfin náà padà. Ọdún 1996 ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 1997. Nígbà yẹn, àwọn tí kò tíì pé ọdún 65 nìkan ni ó wà fún. Ní ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i fún àwọn àgbàlagbà, nígbà tó sì di ọdún 2003 ó di dandan fún káńsù láti fún ẹni tó bá yẹ tó sì béèrè fún un. Owó tí àbúrò yín ń béèrè yìí, tí wọ́n ń pè ní direct payment, àwọn tí ara wọn rí bíi tirẹ̀ ni wọ́n jà fún un.

Òfin tó ń darí rẹ̀ ní ilẹ̀ England báyìí ni Care Act ti ọdún 2014, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Apá àkọ́kọ́ nínú òfin náà sọ pé ire ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ni káńsù gbọ́dọ̀ máa gbé lárugẹ, ó sì ka àṣẹ tí ẹni náà ní lórí ìgbésí ayé rẹ̀ ojoojúmọ́ mọ́ ara ire náà. Ó tún ní kí káńsù bẹ̀rẹ̀ láti orí èrò pé ẹni náà ni ó mọ ohun tó dára fún òun jù. Bí ó ṣe ń lọ nìyí: káńsù yóò kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ohun tí àbúrò yín nílò. Òfin to ohun mẹ́wàá sílẹ̀, lára wọn ni oúnjẹ, ìmọ́tótó, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, aṣọ wíwọ̀, àjọṣe pẹ̀lú ẹbí àti ọ̀rẹ́, iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́. Bí àìsàn tàbí àbùkù ara kò bá jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe méjì nínú wọn, tí èyí sì pa ire rẹ̀ lára gidigidi, káńsù gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò jọ kọ ètò ìtọ́jú, wọn yóò sì sọ iye owó tí ètò náà yóò gbà. Iye yìí ni àbúrò yín lè ní kí wọ́n san sí ọwọ́ òun. Kò pọn dandan kí ó gba gbogbo rẹ̀. Ó lè fi ti àárọ̀ sílẹ̀ fún ẹ́jẹ́ńsì, kí ó gba owó ti alẹ́ àti ti òpin ọ̀sẹ̀. Bí kò bá sì bá a lára mu mọ́, ó lè dá a padà, káńsù yóò tún máa ṣètò ìtọ́jú fún un bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí ẹ sọ èyí fún ìyá yín. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń bẹ̀rù nítorí wọ́n rò pé ẹni tó bá ti wọlé síbẹ̀ kò lè jáde mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé nígbà àyẹ̀wò náà, àwọn ẹbí wa máa ń ti ìtìjú pa ọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á ní, “A ń ṣe é, kò burú.” Sósà wọ́kà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹbí ń ṣe é, iye owó á sì wálẹ̀. Àbúrò yín ni kí ó sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí nǹkan kò bá lọ déédéé, pẹ̀lú ti òru: ẹni tí ń dìde yí i padà, ẹni tí ń wo rọ́bà ìtọ̀ rẹ̀. Bí iye tí káńsù bá dá kò bá lè ra ìtọ́jú tí wọ́n kọ sínú ètò, ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀sùn sùn ní káńsù, bí ìyẹn kò bá sì yanjú, kí ó lọ sọ́dọ̀ Local Government and Social Care Ombudsman, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí káńsù, láàárín oṣù 12.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dá ìyá wa lóhùn. Ti owó ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Owó yìí kì í ṣe owó àpò. Inú àkáǹtì ọ̀tọ̀ tàbí káàdì ọ̀tọ̀ ni ó ń wọ̀, ohun tó wà nínú ètò ìtọ́jú nìkan ni wọ́n lè ná an lé lórí, káńsù sì máa ń yẹ ìwé rẹ̀ wò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù tí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe, káńsù lè gbà á padà. Kì í ṣe owó oṣù fún àbúrò yín, kò sì ní dín owó ìrànwọ́ tí ó ń gbà lọ́dọ̀ ìjọba kù. Ohun kan tí káńsù lè béèrè ni pé kí òun náà dá díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń wọlé fún un àti owó tó fi pamọ́. Ẹni tí owó ìpamọ́ rẹ̀ bá ju £23,250 lọ ni ó sábà máa ń san gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn kì í sì ka èyí tí kò bá tó £14,250.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tí ìyá yín ní lọ́kàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ọmọ wọn yóò ṣe ìpinnu tí kò dára. Ó ṣeé ṣe, bí ẹ̀yin náà ṣe lè ṣe é, bí èmi náà ti ṣe é rí. Òfin Mental Capacity Act ti ọdún 2005 sọ ọ́ kedere pé kí wọ́n gbà pé ẹni tó ti dàgbà lè pinnu fún ara rẹ̀ títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àti pé wọn kò gbọdọ̀ torí pé ìpinnu kan kò bọ́gbọ́n mu ní ojú ẹlòmíràn sọ pé ọpọlọ ẹni tó ṣe é kò pé. Kódà, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò lè gbé irú ìpinnu yìí ṣì lè jàǹfààní, nítorí òfin gbà kí ẹni tó yẹ di owó náà mú nítorí rẹ̀, kí ó máa lò ó fún ire ẹni náà, kí ó sì máa gba ohun tí ẹni náà fẹ́ rò. Ti àbúrò yín kò tilẹ̀ dé ibẹ̀ rárá.

Ní ti àjèjì tí yóò máa wẹ̀ ẹ́: àjèjì ni ó ń wẹ̀ ẹ́ lónìí, Màmá. Ẹni tí ẹ́jẹ́ńsì rán wá ní ọjọ́ Ajé lè má jẹ́ ẹni tí yóò wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tó bi ọmọ yín bóyá ọkùnrin ni ó fẹ́ kí ó wẹ òun tàbí obìnrin. Bí ó bá jẹ́ òun ni ó gba ènìyàn síṣẹ́, yóò yan ẹni tí ojú rẹ̀ gbà, ẹni kan tàbí méjì náà ni yóò sì máa rí láàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọkùnrin sọ̀rọ̀ tí ìyá wọn ń wẹ̀ wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti di géńdé. Wọ́n fẹ́ràn ìyá wọn, wọ́n sì ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ku àwa nìkan, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn fẹ́ kí ìyá àwọn tún jẹ́ ìyá àwọn, ẹni tí àwọn lè jókòó tì, kí àwọn jọ sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé ó ń di ìbọ̀wọ́ rọ́bà mọ́wọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni àbúrò yín ṣe rò, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ bi í.

Ó wá kan ẹ̀yin gan-an. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀yin àti àbúrò yín jọ ń gbé inú ilé kan náà, ìlànà ọdún 2014 tó wà lórí direct payment kò gbà kí wọ́n fi owó náà san owó ìtọ́jú fún yín, àfi bí káńsù bá rí i pé ó pọn dandan. Ọkọ, ìyàwó tàbí ẹbí tímọ́tímọ́ tó ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ni òfin náà mú. Ẹbí tó ń gbé ilé ọ̀tọ̀ kò sí lábẹ́ ìdènà yìí. Káńsù sì lè gbà kí wọ́n san owó díẹ̀ fún ẹni inú ilé tó bá ń bójú tó ìwé àti ìṣirò owó náà. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má yára fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ ju ti òfin lọ. Ẹni tí òun nìkan jẹ́ ẹ̀gbọ́n, olùtọ́jú àti òṣìṣẹ́, bí ìjà bá dé, ibo ni àbúrò yóò sá sí? Ta ni yóò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, “Mi ò fẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣe é yìí, mo fẹ́ gba ẹlòmíràn”? Nínú àṣà wa, ó ṣòro kí àbúrò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí ilé tó tú ká nítorí rẹ̀. Mo tún ti rí ilé tó yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ní gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n ń tọ́jú ni ó kọ́kọ́ sọ pé ẹbí òun ni òun fẹ́, olùtọ́jú mìíràn sì wà níbẹ̀ tó ń gba ọjọ́ mélòó kan nínú ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀yin náà ní ẹ̀tọ́ tiyín. Apá kẹwàá nínú Care Act fún ẹni tó ń tọ́jú ẹbí rẹ̀ láǹfààní pé kí káńsù ṣe àyẹ̀wò fún òun náà, kí wọ́n wo ìlera rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ìsinmi rẹ̀. Bí ìyá yín tàbí ẹ̀yin bá ń lo ó kéré tán wákàtí 35 lọ́sẹ̀ lórí ìtọ́jú rẹ̀, ẹ béèrè nípa Carer’s Allowance pẹ̀lú, owó tí ìjọba ń san fún ẹni tó ń tọ́jú ẹlòmíràn. Ọ̀tọ̀ ni ti owó yìí, ọ̀tọ̀ ni ti owó àbúrò yín.

Ní ti ìbátan tó wà ní Ìbàdàn, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ kedere kí ẹnikẹ́ni má baà gba owó lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀. Òfin físà kò gbà kí ẹnì kan tó ń gba òṣìṣẹ́ sínú ilé ara rẹ̀ ṣe onígbọ̀wọ́ físà olùtọ́jú, láti oṣù Keje ọdún 2025 ni ìjọba sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbígba àwọn olùtọ́jú tuntun wá láti òkè òkun. Bí ó bá jẹ́ pé ìbátan náà ti wà ní Britain, tí ìwé rẹ̀ sì gbà kí ó ṣiṣẹ́, ìyẹn yàtọ̀, ṣùgbọ́n àbúrò yín gbọ́dọ̀ yẹ ìwé náà wò kí ó tó gbà á. Ìtanràn tó wà lórí ẹni tó bá gba òṣìṣẹ́ tí kò ní ìwé lè dé £45,000 ní ìgbà àkọ́kọ́, ìwé ìtanràn náà kò sì ní wo ti pé àkàndá ẹ̀dá ni ẹni tó gba òṣìṣẹ́.

Èyí mú mi dé ibi tí ó nira nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì fẹ́ bò ó fún yín. Ẹni tó bá gba olùtọ́jú síṣẹ́ ti di ọ̀gá iṣẹ́ lójú òfin. Yóò ní ìwé àdéhùn, yóò máa fún òṣìṣẹ́ ní ìwé owó oṣù, yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó orí, yóò wo ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, kò sì gbọdọ̀ san ohun tó kéré sí owó iṣẹ́ tí òfin fi lélẹ̀. Ìsinmi olówó jẹ́ ọ̀sẹ̀ 5.6 lọ́dún, nítorí náà ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ní wákàtí 112 láti gbà lọ́dún láìwá sí ibi iṣẹ́, ẹni tí yóò dípò rẹ̀ ní àkókò yẹn yóò sì gba owó tirẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò fún òṣìṣẹ́, èyí tí kò gbọdọ̀ kéré sí £5 mílíọ̀nù. Ìtanràn ẹni tí kò bá ní in lè tó £2,500 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo owó yìí ni ó yẹ kí káńsù ti ṣírò mọ́ ohun tí wọn yóò san. Owó iṣẹ́ wákàtí nìkan kọ́.

Bí ẹ bá ti ka ìyẹn tán, ó lè wá sí yín lọ́kàn pé ìyá yín jàre. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ ni kì í fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìṣirò owó oṣù. Àwọn iléeṣẹ́ wà tó ń bá àwọn tó ń gba direct payment ṣe gbogbo ìwé yìí, owó wọn sì lè wà nínú ètò ìtọ́jú. Bí àbúrò yín kò bá fẹ́ rí àkáǹtì sójú rárá, ó lè ní kí iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa di owó náà mú, kí ó máa san án jáde nígbà tí òun bá fọwọ́ sí i. Àṣẹ rẹ̀ kò dín kù pẹ̀lú èyí. Níbí gan-an ni ọwọ́ yín ti wúlò jù: ẹ lè bá a jókòó nígbà tí ó bá ń fọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ lẹ́nu wò, ẹ lè bá a ka àdéhùn, ẹ lè bá a to ìwé ìsanwó sínú fáìlì. Kí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde pé, “Ẹni yìí ni mo mú.”

Àwọn tó ń ka èyí nílé lè máa bi ara wọn pé kí ni ó kàn wọ́n níbẹ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní ọdún 2007, abala 19 àdéhùn náà sì sọ pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti yan ibi tí wọn yóò gbé àti ẹni tí wọn yóò bá gbé. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2019 lòdì sí yíya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò sí owó olùtọ́jú tí ìjọba ń san fún ẹnikẹ́ni nílé. Ẹbí àti ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó ń ṣe é. Síbẹ̀, bíbéèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń tọ́jú bóyá ó fẹ́ wẹ̀ ní àárọ̀ tàbí ní alẹ́ kò náni ní kọ́bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú ìwé funfun kan, ẹ fa ìlà méje sí i fún ọjọ́ méje, kí ẹ sì jókòó ti àbúrò yín. Òun ni kí ó máa sọ, kí ẹ̀yin máa kọ: ìgbà tí ó fẹ́ jí, ìgbà tí ó fẹ́ wẹ̀, ọjọ́ tí ó fẹ́ jáde, ẹni tí ó fẹ́ lọ kí, ìgbà tí ó fẹ́ sùn ní ọjọ́ Ẹtì tí ìṣọ́ òru bá wà. Ẹ má ṣe bá a tún un ṣe, ẹ má sì sọ fún un pé káńsù kò ní gbà. Ìwé yẹn ni kí ó mú lọ sí ọ̀dọ̀ sósà wọ́kà, nítorí òun ni yóò di ètò ìtọ́jú rẹ̀. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn pàápàá, ẹ fi lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi àti ìdáhùn yìí hàn án kí ó kà á. Bí ó bá ní ìbéèrè tirẹ̀, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi fúnra rẹ̀, tàbí kí ó sọ ọ́ kí ẹ bá a kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó bá ṣe sọ ọ́.